Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ilẹ̀ Okun: Ẹ Fún Kíláàsì Kọ̀ọ̀kan ní Ìwé Iṣẹ́ Kan

Sí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti ìjọba, ti ìjọ àti ti aládàáni, ní Kàbà àti Bùnú, ní Ìjùmú, ní Mọ̀pà, àti ní ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà méjèèjì, Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín, okun o. Mo kí yín kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo sì kí yín kú ìfaradà pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ iye olùkọ́ tí ó yẹ kí ẹ ní àti iye tí ẹ ń fi ṣiṣẹ́. Òbí ni mí. Nítorí pé iná sólà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa, àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wá, ohun tí mo sì ń rí nínú ìwé àwọn ti ibí kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ń rí nínú ìwé àwọn ti ọ̀hún. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ lẹ́tà yìí sí ọ̀gá kan ṣoṣo.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ le, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa kọ iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó bá fún àwọn ọmọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ̀rọ kọ́ ni mo ní kí ẹ rà, owó tuntun kọ́ ni mo sì ní kí ẹ gbà lọ́wọ́ òbí.

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ṣé àwọn ọmọ kò ní ìwé tiwọn ni? Wọ́n ní in. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àkọsílẹ̀ wọn ṣe rí. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS2 kọ iṣẹ́ Báyọ́lọ́jì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bíírò, nítorí pé aago ti lù, olùkọ́ sì ń sọ iṣẹ́ náà bí ó ti ń jáde lọ. Láti ilé-ẹ̀kọ́, ó gba ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí lọ. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, oje ẹ̀gẹ́ àti omi ti fọ àtẹ́lẹwọ́ náà, ó ku lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan tí kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ojú ìwé ni tàbí ọjọ́. Ọmọkùnrin kan ní tirẹ̀ kọ iṣẹ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sí ẹ̀yìn ìwé, ó sì kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ohun tí ó kọ síwájú rẹ̀ ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò gbà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo? Iṣẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ ti pẹ́ láti ṣáájú ìsinmi àárín sáà, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní ọjọ́ kankan. Ó ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ gan-an, òun náà fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ń lọ jókòó sídìí iná ẹlòmíràn ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí ó lè kàwé kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ ní ti ìrántí ni ó pọ̀ jù. Ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò WAEC máa ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ti àwọn JSS tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ìṣirò mọ iṣẹ́ ìṣirò, olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ ti lítíréṣọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí èkejì ti gbé kalẹ̀ fún ọjọ́ kan náà. Ẹni kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó mọ gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹni tí ó kéré jù lọ nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ní omi láti pọn àti àbúrò láti bójú tó.

Ẹ wo ọjọ́ ọjà. Ní àwọn ìlú wa tí ọjà ọrọọrún ṣì wà, kò sí ọmọ tí ó nílò kí a kọ ọjọ́ ọjà sí ọwọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọjà ṣòro í mọ̀ ju ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ, nítorí pé kì í dúró sí ojú kan nínú ọ̀sẹ̀: bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ mìíràn ni yóò bọ́ sí nígbà tí ó bá tún yípo. Síbẹ̀ ọmọ ọdún méje yóò sọ ọ́ fún ọ láìjanpata. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n, tí àwọn aládùúgbò sì ń kó ẹrù jọ ní alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá tilẹ̀ gbàgbé, ilé kò ní jẹ́ kí ó gbàgbé. Ọjọ́ tí a ó gba iṣẹ́ àṣetiléwá kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Inú orí ọmọ àti inú orí olùkọ́ ni ó wà, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í sí nínú ti olùkọ́ mọ́. Ohun tí ìwé kíláàsì yóò ṣe ni pé yóò sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì jọ ní, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí ìwé wò, tí òbí lè béèrè, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè rí nígbà tí ó bá ń kọjá lọ.

Ní ti bí ìwé náà yóò ṣe rí, kò lọ́jú pọ̀. Kí a fi rúlà fa ilà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí àyè wà fún ọjọ́ tí a fún wọn ní iṣẹ́, fún iṣẹ́ náà àti ojú ìwé tí ó ti wá nínú ìwé kíkà, fún ọjọ́ ìdápadà, fún iye máàkì rẹ̀, àti fún ìbuwọ́lù olùkọ́. Mo bẹ̀ yín, kí a máa kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì papọ̀, nítorí pé nígbà tí olùkọ́ bá sọ ní ọjọ́ Ẹtì pé òun yóò gba iṣẹ́ ní “ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀”, ohun tí àwọn ọmọ ogójì ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan náà. Kí ìwé máa gbé inú kíláàsì, kí mọ́nítọ̀ máa gbé e fún olùkọ́ kí àkókò ẹ̀kọ́ tó parí, kí ó sì jẹ́ òfin pé iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé, a kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Orí òfin yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ẹ bá gbà kí olùkọ́ kan máa sọ iṣẹ́ lẹ́nu lásán, tí ó sì ń na àwọn ọmọ tí kò ṣe é, láàárín oṣù kan, ìwé náà yóò di ohun tí a fi ń ti fèrèsé. Mo ti rí ọmọ tí ó jẹ ẹgba nítorí iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé ó wà. Ohun tí ó kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ó máa sá fún olùkọ́ náà.

Ìwé yìí yóò tún ṣe ohun kan tí ìpàdé àwọn olùkọ́ kì í lè ṣe. Nígbà tí olùkọ́ kẹta bá ṣí i láti kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sí ọjọ́bọ̀, tí ó rí i pé iṣẹ́ ńlá méjì ti wà níbẹ̀, yóò sún tirẹ̀ sí ọjọ́ Ajé láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a jà. Kí ẹ sọ ọ́ di àdéhùn láàárín ara yín pé iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ ju méjì lọ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ bí ìparí sáà ṣe ń rí. Láti ìgbà tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni máàkì tí ọmọ ń gbà láàárín sáà ti di apá kan èsì rẹ̀, WAEC pẹ̀lú sì ń béèrè irú máàkì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ni olùkọ́ tí kò tíì ní máàkì kankan lọ́wọ́ fi máa ń ya iṣẹ́ lé àwọn ọmọ lórí ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ a wá máa da iṣẹ́ ara wọn kọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, olùkọ́ a máa fún ẹ̀dà iṣẹ́ kan ṣoṣo ní máàkì lọ́nà ogún.

Sáà kejì ni ó le jù níhìn-ín, mo sì rò pé ẹni tí ó bá ń ṣètò láti Àbújá kò lè mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí oṣù Kejì ni kájú ti ń já bọ́, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹrin. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní oko kájú kì í ráyè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí kájú bá sì pọ̀, kì í ráyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú. Owó kájú yìí kan náà ni a fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé kí òbí má mú ọmọ lọ sóko. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí olùkọ́ má fi iṣẹ́ tí ó gba ọjọ́ púpọ̀ sí ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan, kí ọmọ sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé ohun tí yóò dá padà ní ọjọ́ Ajé kejì. Òbí tí ó bá mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà yóò jẹ́ kí ọmọ tètè kúrò lóko. Èyí tí kò mọ̀ kò lè ṣe é.

Àwọn kan yóò ní kí a lo WhatsApp, àwọn tí ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dárúkọ àwọn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ fi ń fún ọmọ ní iṣẹ́, bíi Google Classroom, tí Google gbé jáde ní 2014, tàbí Moodle, tí ó ti wà láti 2002, tí àwọn yunifásítì káàkiri àgbáyé sì ń lò. N kò kórìíra wọn. Ohun tí wọ́n dára fún gan-an ni pé wọ́n kó gbogbo ọjọ́ gbèdéke jọ sí ojú kan, tí olùkọ́ kò sì lè fún ọmọ ní iṣẹ́ níbẹ̀ kí ó má kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ẹlẹ́yìn líle tí mo ń sọ yìí lè ṣe ìyẹn láìsí iná àti dátà. A ti rí bí ti WhatsApp ṣe ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020 nítorí àrùn Kòrónà. Olùkọ́ yóò fi iṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ àwọn òbí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àádọ́ta “ẹ káàárọ̀ o” àti àdúrà yóò bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù tí iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bàbá ọmọ ní Àbújá tàbí ní Lọ́kọ́ja, ọmọ fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti jẹ́ ohun tí a ń gun òkè lọ wá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ lo fóònù, kí olùkọ́ kíláàsì ya àwòrán ojú ìwé ọ̀sẹ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, Ọlọ́run ló mọ bí à bá ti ṣe é láìsí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń parí ìsìnrú ìlú wọn láàárín sáà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì lọ ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ máa ń bá wọn lọ. Ẹni tí ó gba ipò wọn a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ọmọ tí ó ti ṣe tirẹ̀ a wá rí i pé òfo ni òun ṣe. Bí ó bá wà nínú ìwé kíláàsì pẹ̀lú máàkì rẹ̀, ẹni tuntun yóò mọ ibi tí yóò ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún àwọn kíláàsì àgbà, nítorí pé mímọ ọjọ́ gbèdéke nìkan kò tó. Ní 1997, àwọn onímọ̀ méjì kan, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àkókò Kérésìmesì. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìròyìn kúkurú nípa bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésì, kí wọ́n kọ ọ́ kí ọjọ́ méjì tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn kọ́kọ́ sọ àkókò àti ibi tí wọn yóò ti kọ ọ́; wọn kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwọn yòókù. Nínú àwọn tí ó sọ àkókò àti ibi, ó tó nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá tí ó kọ ọ́. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni. Ìgbà ọdún ni, àsè wà nílé gbogbo wọn, kò sì sí ohun mìíràn tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju gbólóhùn kan ṣoṣo yìí lọ. Nítorí náà, nígbà tí mọ́nítọ̀ bá ka ìwé kíláàsì sókè ní àkókò tí ó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀, kí ó fi ìlà kan kún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí òun yóò ṣe é àti ibi tí òun yóò jókòó sí. “Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lórí tábìlì ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù” ti tó. Ọmọ tí ó bá kọ bẹ́ẹ̀ yóò tètè rí i pé ọjọ́ Àìkú náà ni ìpàdé ẹbí, yóò sì yí i padà kí ọjọ́ tó pé.

Iṣẹ́ tí ó gùn ń fẹ́ ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 1994, tí Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kánádà, béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ àkàgboyè ìgbà tí wọ́n rò pé wọn yóò parí rẹ̀. Tí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 34 ni wọ́n ní yóò gbà wọ́n. Ó lé ní 55 kí wọ́n tó parí. Bí àwọn àgbà tí ó ti wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì bá lè ṣì í wò tó bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ SS1 yóò ṣe nígbà tí a bá ní kí ó gbin ewébẹ̀, kí ó máa wọn gíga rẹ̀, kí ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ wá ní ìparí sáà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀? Yóò ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe: yóò gbin ín ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, yóò sì fi ọgbọ́n orí kọ gíga rẹ̀. Kí olùkọ́ gé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé kíláàsì, kí ọjọ́ ìgbìn ní déètì tirẹ̀, kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní tirẹ̀, kí máàkì díẹ̀ sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbọ́ àtakò kan lẹ́nu olùkọ́ àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ó ní bí a bá ń ṣe gbogbo èyí fún ọmọ, ìgbà wo ni yóò kọ́ láti rántí nǹkan fúnra rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ tí ó bá kúrò lọ́wọ́ yín lọ sí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 2011, tàbí sí ibòmíràn, kò ní bá mọ́nítọ̀ tí yóò ka iṣẹ́ sí i létí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdáhùn mi ni pé kò sí ẹni tí ó kọ́ láti máa tọ́jú ọjọ́ nípa jíjẹ́ kí ó máa sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní JSS1, kí olùkọ́ kíláàsì máa wo ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan bóyá ó dà á kọ. Tí ó bá fi máa dé SS1, kí wíwò náà dópin. Ní SS3, kí ìwé kíláàsì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ pátápátá, kí wọ́n máa lọ bá olùkọ́ fún ọjọ́ tí ó yẹ, kí wọ́n sì láṣẹ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, iṣẹ́ méjì ti wà lọ́jọ́ yẹn.” Ọmọ tí ó bá lè sọ ìyẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ti ṣe tán láti lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo olùkọ́ nínú. Kí àyè kan wà nínú ìwé náà fún ọjọ́ tí olùkọ́ yóò dá iṣẹ́ tí ó ti gba máàkì padà fún àwọn ọmọ. Mo ti rí ìwé tí wọ́n gbà ní oṣù Kẹwàá tí kò padà títí ìsinmi Kérésì fi dé, nóòtù gbogbo sáà sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún ọjọ́, kí ó rí i lára wa.

Ní ti owó, bí ìwé kan fún kíláàsì kan bá nira fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kí ẹ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yín. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń kun ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀dà. Páálí ìwé kan kò ní wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí olórí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mú òfin ìwé náà wá sí ìpàdé àkọ́kọ́ nínú sáà, kí a kà á sí etí gbogbo òbí ní èdè tiwa, kí ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò máa ní kí ọmọ ka ohun tí ó dà kọ fún òun.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò kí ẹ tó mú un dé gbogbo kíláàsì, JSS1 àti SS1 ni mo dábàá pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, wọn kò tíì mọ àṣà mìíràn. Kí ẹ ti fa ilà sínú ìwé náà kí wọ́n tó wọlé. Mo ṣe tán láti bá ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí ó bá wà nítòsí mi fa ilà náà. Rúlà wà nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan láti Ìjùmú